Áátọ̀ Kì Í Kú

Ní Agége tí mo ti dàgbà, ẹni tó lọ wo sinimá lálẹ́ Sátidé kò tíì wò ó tán nígbà tó bá délé. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí àwa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn ẹgbẹ́ wa sì ti kúrò nílé kéú, kó tó jókòó sórí pèpéle kó máa rò ó fún àwa tí kò sówó lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ ni fíìmù ti ń parí. Yóò fẹnu dún ìbọn, yóò fẹnu kọ orin tó wà nínú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín bí bọ́ọ̀sì, olórí àwọn ọ̀tá, ṣe rẹ́rìn-ín, yóò sì dìde fò bí áátọ̀, akọni fíìmù náà, ṣe fò láti orí òrùlé bọ́ sórí ẹṣin. Bó bá fo ibì kan, ẹni tó bá a lọ yóò já lù ú pé, "Irọ́ ni o, ó kọ́kọ́ ju ọ̀bẹ ná!" Àríyànjiyàn dé nìyẹn, ó sì lè gùn ju fíìmù náà lọ. Àwọn fíìmù kan wà tí mi ò fojú kàn títí dòní, tí mo sì lè rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé bí a ṣe wo sinimá nìyẹn, bí a sì ṣe ka ìwé àwọn akọni alágbára nìyẹn: ẹnu la fi wò ó, ẹnu la fi kà á. A kì í gba nǹkan pé ó dára torí pé Amẹ́ríkà tàbí Hong Kong ló ti wá. A ó gbé e kalẹ̀, a ó tú u wò, a ó sì bi í ní ìbéèrè tí àwọn tó ṣe é kò rò pé ẹnì kan lè béèrè.

Agége ìgbà tí mò ń wí, láti àárín àwọn ọdún 1970 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Pen Cinema, ó sì ní Danjuma Cinema. Títí di ìsinsìnyí, kọ́ńdọ́ ṣì ń pe "Pen Cinema! Pen Cinema wọlé!", ṣùgbọ́n ìkòríta ló ń pè, àti afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí síbẹ̀ ní 2021. Ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ kò bi ara wọn rí pé sinimá wo. Rainbow wà ní Mushin nígbà náà, Casino wà ní Yábàá, àwọn mìíràn sì wà káàkiri. Èkó kúkú ti mọ sinimá tipẹ́. Glover Memorial Hall ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han ará ìlú lóṣù Ògọ́sì ọdún 1903. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé sinimá kí òfin ọdún 1972 tó fi irú òwò bẹ́ẹ̀ lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́. Àwa ọmọdé kò mọ ìyẹn. Ẹnu ọ̀nà la mọ̀.

Pátákó ńlá kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ayàwòrán àdúgbò ti ya ojú áátọ̀ sí. Nígbà mìíràn ojú náà kò jọ ti ẹni tó ń yà, ṣùgbọ́n bó ṣe dijú mọ́rí tó báyìí, a mọ̀ pé ìjà máa wà. Oníṣùyà wà níbẹ̀, ìyá ẹlẹ́pà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tà ní ìlọ́po sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó lówó á gòkè lọ jókòó lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Àwa tó kù, iwájú nísàlẹ̀ ni, lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí ènìyàn ti ń gbórí sókè títí ọrùn á fi wọ́. Òrùlé kì í bo iwájú yẹn ní ọ̀pọ̀ ilé sinimá. Bí òjò bá dé, àwọn kan á sá, àwọn kan á bọ́ṣọ borí, wọ́n á sì máa wò ó lọ.

Kò sẹ́ni tó ń dákẹ́ nínú sinimá. Bí bọ́ọ̀sì bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn áátọ̀, gbogbo ilé á pariwo "Ẹ̀yìn ẹ! Wẹ̀yìn ẹ!" tí áátọ̀ bá sì yíjú padà lásìkò, ìdùnnú á gba gbogbo ilé torí a gbà pé àwa la gbà á là. Bí fíìmù bá já, igbe "Ọpuréétọ̀!" á gbalẹ̀ kan, wọ́n á sì máa bú ìran ọkùnrin tó wà nínú yàrá kékeré òkè yẹn títí tí iná á fi tún tàn sára aṣọ funfun. Èèyàn mìíràn á ní ìwà ọmọ ìta ni. Ní tèmi, ilé ẹjọ́ ni. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí aṣọ funfun yẹn, ojú ẹsẹ̀ la ti ń dájọ́ rẹ̀, ẹni gbogbo ló sì lẹ́nu níbẹ̀, àti alágbàṣe àti ọmọ dókítà.

Òfin kan wà tí gbogbo wa fọwọ́ sí: áátọ̀ kì í kú. Wọ́n lè dè é lókùn, wọ́n lè yìnbọn lù ú, wọ́n lè gbé e sọ sódò. Yóò padà wá, torí fíìmù kò tíì tán. Ọmọ tó bá ń sunkún torí wọ́n ń lu áátọ̀, àgbàlagbà tó jókòó tì í á gbá a lẹ́yìn, á ní, "Má ké mọ́, áátọ̀ kì í kú."

Bruce Lee ló kọ́kọ́ da òfin yẹn rú mọ́ wa lọ́wọ́. Ní òpin Fist of Fury, ó sáré, ó fò sókè sójú ìbọn, ìbọn dún, àwòrán rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ lófuurufú. Ṣé ó kú ni àbí kò kú? Ọ̀rọ̀ yìí pín àdúgbò wa sí méjì. Àwọn kan ní bó bá kú, wọn ì bá fi òkú rẹ̀ hàn wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀, ẹni tí kò kanlẹ̀ kò kú. Bọ̀dá Télọ̀ tó wà lójúde wa, tí rédíò wọn kì í kú láti àárọ̀ dalẹ́, ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ní kí a yé da ara wa láàmú lórí ti inú fíìmù, pé Bruce Lee gan-an ti kú, pé ó ti kú lóṣù Keje ọdún 1973, ní ọmọ ọdún 32, kí Enter the Dragon tó jáde síta rárá.

Kò sí bí mo ṣe lè ròyìn bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà wá nínú jẹ́ fún ọmọ ayé òde òní. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọkùnrin yẹn nínú Enter the Dragon, láàárín àwọn dígí níbi tó ti ń wá ọ̀tá rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Òkú la wò. Àwọn dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló wú, ṣùgbọ́n èyí kò tó wa. Ẹnì kan ní àwọn ọ̀gá àgbà ló bínú sí i torí ó ń kọ́ àjèjì ní awo ìlú wọn. Ẹlòmíràn ní èèwọ̀ ló jẹ. A wá ìdí kiri torí pé òfin wa ti já, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà pé ó já lásán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Sholay dé. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é ní Íńdíà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò lọ mọ́. Áátọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, Veeru àti Jai. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Hindi nínú gbogbo wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí Gabbar Singh, bọ́ọ̀sì inú rẹ̀, ń sọ tó bá ti ń rìn lórí àpáta yẹn. Owó ẹyọ kan wà lọ́wọ́ Jai tó máa ń ta sókè bí wọ́n bá fẹ́ pinnu nǹkan. Nígbà tí Jai kú, tí Veeru mú owó náà, tó yí i padà, tó rí i pé ojú kan náà ló wà níhà méjèèjì, pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń ta á ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ ibi tó máa já sí, àgbàlagbà ọkùnrin sunkún nínú sinimá. Mo rí wọn. Ní ọjọ́ kejì lórí pèpéle, a jókòó tún òfin wa ṣe: bí áátọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, kì í kú, bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lè lọ.

Ní 2020, nígbà tí ìròyìn dé pé Chadwick Boseman tó ṣe Black Panther ti kú ní ọmọ ọdún 43, ọmọkùnrin mi pè mí lórí fóònù, kò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo sọ ìtàn Bruce Lee fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fo ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìwé. Ìwé ló pọ̀ lọ́wọ́ wa ju sinimá lọ, torí ìwé kan lè gba ọwọ́ ogún ọmọ. Àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé máa ń tẹ́ ẹ sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, ẹlòmíràn sì máa ń fi yá ènìyàn: san kọ́bọ̀, jókòó, kà á tán, gbé e kalẹ̀. Superman wà níbẹ̀, Batman wà níbẹ̀, Spider-Man wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ojú ewé ìkẹyìn mọ́. Ẹ wo irú oore tí ìyà yẹn ṣe wá. Ìwé tí kò ní òpin, àwa la máa parí rẹ̀, olúkúlùkù á sì mú òpin tirẹ̀ wá láti gbèjà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wù wá jù nígbà náà kì í fò, kò sì ní agbára kankan. Lance Spearman ni, nínú ìwé African Film tí ilé iṣẹ́ Drum ń tẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe ìwé náà, kì í ṣe àwòrán yíyà. Ènìyàn gidi, aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti táì kékeré lọ́rùn, tó ń wa ọkọ̀ Corvette Stingray, tó ń fi làákàyè àti ẹ̀ṣẹ́ mú ọ̀daràn. Sonia ń bá a ṣiṣẹ́, Lemmy ọmọdé wà pẹ̀lú wọn, Captain Victor sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́pàá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Jore Mkwanazi, ọmọ South Africa, ló ń ṣe Spearman. Ìlú tí òfin ti ń sọ fún dúdú ibi tó gbọ́dọ̀ jókòó sí àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé ni ọkùnrin tó ti kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń gbórí sókè wọ ilé olówó ti wá. Bí mo bá ti rántí èyí, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un a tún lé sí i.

Atóka tún wà, ní èdè wa, tí wọ́n fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé ṣe, ọ̀rọ̀ wọn á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Àwọn òṣèré tó ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wọn káàkiri ìlú náà la ń kà nínú ìwé. Ìyá mi tí wọn kì í fẹ́ rí Superman lọ́wọ́ mi, àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ gba Atóka kà. Ikebe Super ti Wale Adenuga jáde ní 1976, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí a ń kà lẹ́yìn ilé.

Bí Àìkú bá ti di ọ̀sán, tí àríyànjiyàn lórí ta ló lágbára jù bá gbóná, ìyá tó bí bàbá mi ni adájọ́ wa. Ìyá Àgbà kò kàwé, wọn kò sì tẹsẹ̀ bọ ilé sinimá rí láyé wọn. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí wọn, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa gbọ́. Àwa náà kúkú ti túmọ̀ gbogbo agbára inú ìwé yẹn sí ohun tí a mọ̀ nílé: ẹni tí ìbọn kò ràn, ayẹta ló lò, Flash tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, kánàkò, obìnrin inú Fantastic Four tí ojú kì í rí, àfẹ́ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kan mo rò ti Superman fún wọn dáadáa: bó ṣe ń fò, bí ìbọn ṣe ń ta lára rẹ̀, bó ṣe ń fi ojú yọ́ irin.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?"

Mo ní òkúta kan ni, òkúta tó ní àwọ̀ ewé, tó bá ti sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ.

"Òkúta ibo?"

Mo ní òkúta ìlú tí wọ́n ti bí i ni, pé ìlú náà ti fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ló ń bọ́ wá sáyé.

Wọ́n dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹn. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọkùnrin yẹn wà lóòótọ́."

Ó dá mi lójú pé kò sí alárìíwísí kankan ní New York tó tíì sọ ọ̀rọ̀ tó tó báyìí lórí Superman. Ìbéèrè Ìyá Àgbà sì ni a fi ń wọn gbogbo akọni láti ọjọ́ náà. Agbára tí kò ní èèwọ̀, ẹnu lásán ni. Batman ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn kò ní oògùn rárá, owó bàbá rẹ̀ ló ń ná. Àwọn kan bínú, wọ́n gbèjà Batman títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí fíìmù Superman tí wọ́n ṣe ní 1978 wá dé, tí Christopher Reeve wọ aṣọ náà, a ti mọ ohun tí a fẹ́ wò. Lex Luthor, ọ̀tá Superman, ń wá òkúta náà kiri, ó sì kà á nínú ìwé pé ọ̀kan jábọ́ sí Addis Ababa. Addis Ababa! Ilé sinimá mì tìtì. Ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo pé Áfíríkà ni èèwọ̀ ọkùnrin yìí wà, pé kò sí bó ṣe lágbára tó, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wá mú nǹkan tí wọ́n á fi mú un. Wọn kò yẹ ilẹ̀ Ẹtiópíà wò ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n àwa kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìparí rẹ̀ ni kò tẹ́ wa lọ́rùn, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn títí dòní. Lois, obìnrin tí Superman fẹ́ràn, kú sínú ọkọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ bò. Superman bínú fò lọ sókè, ó yí ayé padà sẹ́yìn, ọjọ́ padà, obìnrin náà sì jí. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìtàn ọmọ aráyé. Èèwọ̀ nìyẹn, ẹnu bàbá ló sì ti jáde. Ó jẹ èèwọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é! Bọ̀dá Télọ̀ ní ibi tí fíìmù ti bàjẹ́ nìyẹn, mo sì wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Bí akọni bá lè jí òkú lọ́fẹ̀ẹ́, kí la ṣe ń bẹ̀rù fún un tẹ́lẹ̀? Kí ni Jai ṣe kú sí? Àwọn tó fẹ́ràn Lois ní ìfẹ́ ló fi ṣe é, pé ìfẹ́ ju èèwọ̀ lọ. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, ní Action Comics àkọ́kọ́. Ọdún 1938 kan náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ilé ẹ̀kọ́ la ti ka Fágúnwà, Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn inú ìwé náà sì wọnú àríyànjiyàn wa bí ẹni pé òun àti Hulk jọ ń gbé àdúgbò ni. Àwọn akọni Fágúnwà kóra jọ, tí olúkúlùkù ní agbára tirẹ̀, wọ́n sì gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó, nígbà tí ó ṣì ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó kó Avengers jọ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Mo ń sọ ọ́ torí pé àwọn kan rò pé ìgbà tí ìwé òyìnbó dé la mọ ohun tó ń jẹ́ akọni alágbára. A ti ní òṣùwọ̀n tiwa nílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ohun tó dùn mí nípa Powerman nìyẹn. Ní 1975, àwọn kan ní London ṣe ìwé akọni aláwọ̀ dúdú kan fún ọjà Nàìjíríà. Donne Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ọ́, Brian Bolland àti Dave Gibbons ló ń yà á, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà náà. Àwòrán náà dára, ọwọ́ wọn mọ́. Powerman ń fò, ó lágbára, ejò nìkan ló lè mú un. Ejò! Ìyá Àgbà fọwọ́ sí ejò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nọ́ńbà sínú àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta, kí a lè mọ èyí tó kàn, torí wọ́n rò pé a kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Àwa tí a ti gbé Atóka àti Spearman jẹ tán! Àwa tí a ń parí ìwé tí kò ní òpin! Nígbà tó yá, Gibbons ya Watchmen ní 1986, Bolland sì ya The Killing Joke ní 1988, gbogbo ayé sì ń yìn wọ́n. Mo yọ̀ fún wọn látọkàn wá. Ojú ewé tiwa ni wọ́n ti kọ́ ọwọ́ yẹn, ó sì yẹ kí ìtàn iṣẹ́ wọn máa dárúkọ àwọn ọmọ tó kà á.

Lẹ́yìn náà ni Ogunde gbé fíìmù Aiyé dé, ní 1979. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ilé sinimá tó dákẹ́. Ogunde fúnra wọn ló wà níwájú àwọn àjẹ́, tí wọ́n ń pe ọfọ̀ ní èdè tí gbogbo ilé gbọ́, tí kò sẹ́ni tó nílò kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn kan gbàdúrà. Obìnrin kan níwájú mi gbé ọmọ rẹ̀, ó sì jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwa ọmọdé jókòó bí ìṣe wa, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀: bí Ogunde bá pàdé Superman ńkọ́? Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o. Ẹ máa fi ará òkè òkun ṣeré." A sì fi í sílẹ̀. Òun nìkan ni áátọ̀ tí a kò bá ẹnikẹ́ni wọ̀n.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ fíìmù rò jù nínú gbogbo wa. Wọn kì í jẹ́ kí ó lọ sinimá. Ìyá mi ní ilé àwọn ọmọ ìta ni, ọmọbìnrin tó bá lọ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Èmi ni mo máa ń wò ó wálé fún un. Yóò mú mi jókòó, yóò béèrè ohun tí mi ò wò: aṣọ wo ni ìyàwó bọ́ọ̀sì wọ̀? Kí ni Sonia ń ṣe nígbà tí Spearman ń jà? Ta ló sin Jai? Nígbà tó bá di ìgbà tirẹ̀ láti rò ó fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, fíìmù mìíràn ni, ó kún ju èyí tí mo wò lọ, àwọn obìnrin inú rẹ̀ sì ní ẹnu. Nígbà tí ó wá dàgbà tó wo Sholay fúnra rẹ̀, ó ní tòun dùn jù ú lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ilé sinimá yẹn kò kú lọ́jọ́ kan. Náírà wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, fíìmù òkèèrè gbówó lórí, ẹ̀rù ìrìn òru bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ènìyàn, fídíò sì wọ pálọ̀. Ẹni tó ní ilé náà yá a fún ìjọ, tàbí kó sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ìwé wa ní tiwọn, ẹlẹ́pà ló fi dì í. Ìyẹn sì ń dùn mí títí di òní, torí kò sí ilé ìkàwé tí mo lè mú ọmọ mi lọ ní ìlú yìí kí n fi gbogbo Spearman hàn án.

Sinimá padà dé ní ọ̀nà mìíràn, inú ilé ìtajà ńlá, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Silverbird ló ṣíwájú ní 2004. Àwọn ọmọ wa náà sì ń ya akọni tiwọn. Comic Republic ti ń ṣe é l'Ékòó láti 2013, Ìyanu tí Roye Okupe dá, tí ilẹ̀ Yorùbá inú ìtàn jẹ́ ilé rẹ̀, sì di eré orí tẹlifíṣàn ní 2025. Mo wo Ìyanu, inú mi dùn débi tí mo dá a dúró kí n lè pe àbúrò mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n tẹ ìwé wọn sórí bébà tí kò wọ́n, kí wọ́n tà á ní gáréèjì. Orí fóònù, ènìyàn kan ló ń kà á. Ìwé tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń bí àríyànjiyàn.

Ní 2018 a lọ wo Black Panther n'Íkẹjà, èmi, àbúrò mi, àwọn ọmọ rẹ̀ àti tèmi. Gbogbo ilé sinimá dákẹ́ lọ títí ó fi parí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nísinsìnyí. Inú ọkọ̀ ni ẹnu wa ti là. Ewé ni T'Challa, ọba inú fíìmù náà, jẹ kó tó lágbára, wọ́n sì ní ẹ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fún un mu láti gba agbára náà lára rẹ̀ kó tó bá ẹni tó bá pè é níjà jà. Mo ní ọba nìyẹn. Mo ní Killmonger, ẹni tó gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò lè jọba láé, torí nígbà tó jẹ tirẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ewé tó kù kí ẹlòmíràn má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sun oko lẹ́yìn tó jẹun yó, kí ló wá fẹ́ fún ìlú?

Àbúrò mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní kí n padà sẹ́yìn, pé mo ti fo ibì kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ta ló kọ́kọ́ jẹ èèwọ̀? Ó ní bàbá T'Challa ló pa àbúrò ara rẹ̀ ní Oakland, tó sì fi ọmọ ẹ̀, Killmonger yìí gan-an, sílẹ̀ nígboro, tó padà sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ló padà wá sun ilé, Ìyá Àgbà ì bá sì ti mọ̀ ọ́n kí fíìmù tó dé ìdajì. Ọmọkùnrin mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Gosiló mú wa dúró pa ní Oṣòdì, a ò tilẹ̀ mọ̀. Mo ṣì ń sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kò ní kí ọmọ sun ewé, ó sì ń sọ fún mi pé kí n dáhùn ìbéèrè tí òun bi mí.